Àbẹ̀kẹ́, Yọ Àgádágodo Yẹn Kúrò Lára Ilẹ̀kùn

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó,
Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù,

Bàbá ẹ ló ń kọ̀wé. Wá ibì kan jókòó sí, gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ti ń pa ẹ báyìí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò kọ ju orúkọ kọ́sítọ́mà sára ògiri lọ. Praimárì síìsì ni mo kà dé, ẹsẹ̀ kan ni mo sì fi wọ síìsì yẹn. Ṣùgbọ́n wo ọwọ́ ìwé mi. Ó rẹwà, àbí kò rẹwà? Gbogbo nǹkan tí mo bá dáwọ́ lé ló máa ń rẹwà. Tó bá dà bí irọ́ lójú ẹ, lọ wo dígí.

O máa ní kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé sọ́mọ tó wà ní Yábàá, tí mo lè wọ bọ́ọ̀sì lọ bá kí ẹ̀pà ọwọ́ mi tó tán. Ìdí ẹ̀ ni pé tí mo bá la ẹnu níwájú ẹ, yẹ̀yẹ́ ló máa jáde. O mọ̀ mí. Wọ́n ti lé mi kúrò níbi ìsìnkú rí torí pé mo ń pa àwọn tó ń sunkún lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ sọ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gba yẹ̀yẹ́, ìparí ẹ̀ ò gbà á. Bírò ò mọ yẹ̀yẹ́ ṣe, ìyẹn ni mo ṣe mú un.

Sọ́ńdè tó kọjá tó o wá jẹun, o sọ fún èmi àti màmá ẹ pé o ti rí ṣọ́ọ̀bù gbà lẹ́yìn Tejúoṣó, pé géèmù lo fẹ́ fi sí i, àwọn géèmù abanilẹ́rù bíi tayé ìjọ́sí, àti pé Sátidé tó ń bọ̀ lo máa ṣí i. Inú mi dùn débi pé mo jẹ ẹran màmá ẹ mọ́ tèmi. Ọmọ tí mo bí nígbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì pé mẹ́wàá, òun ló fẹ́ di ọ̀gá ara ẹ̀ yìí. Lo bá ki ọwọ́ bọ báàgì, o yọ nǹkan kan, o gbé e lé tábìlì. Àgádágodo. Tuntun, ńlá, ó dún gbì lórí tábìlì. O ní, "Dádì, ẹ wò ó, bíi tiyín. Èmi náà máa ṣe Àtìmọ́lé."

Màmá ẹ rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹran tó wà lẹ́nu mi ò lọ mọ́.

Ìyẹn ló fa ìwé yìí. Màá kà á ní kíní, kejì, kẹta, bí àwọn tó kàwé ṣe máa ń ṣe é.

Kíní. Nígbà tó o ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, tá a wà ní yàrá kan ní Mùṣín, o bi mí pé, "Dádì, kí ló dé tí àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n lè dẹ́rù bà wọ́n?" Ìgbà yẹn, fídíò ni mo yá, mo ti bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń fi fíìmù òyìnbó han àwọn ará àdúgbò, fíìmù iwin àti òkú tó ń jí. Àwọn ìyá á wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Tí òkú bá fẹ́ jáde, wọ́n á fi ìborùn bojú, wọ́n á wá yọ ojú kan síta látinú ihò ìborùn. Gbogbo wọn. Kò sí ẹyọ kan tó bo ojú méjèèjì. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i. O ní, "Dádì, wọ́n ń wò ó o, wọ́n kàn ń purọ́ ni."

Mo dá ẹ lóhùn pé torí pé bàbá ẹ mọ ẹ̀rù tà ni wọ́n ṣe ń sanwó. Irọ́ ni. Wọ́n ti ń fẹ́ ẹ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Òtò, tá a bá ti jáde ilé ìwé, àwa ọmọ márùn-ún máa ń lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. A máa di ara wa lọ́wọ́ mú. Rélùwéè á máa bọ̀ láti Ìdó, á máa ké, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, atẹ́gùn ẹ̀ á fẹ́ bọ́ ẹ̀wù lára wa. A ò ní fi ọwọ́ ara wa sílẹ̀. Tó bá wá kọjá tán, a máa ṣubú lé ara wa, a máa rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wá. Ẹnì kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró de òmíràn."

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn, àmọ́ mo ti mọ̀ báyìí. Rélùwéè yẹn ò lè yà kúrò lójú irin wá bá wa. A mọ ibi tó máa gbà, a mọ ibi tá a dúró sí, ọwọ́ wa sì wà nínú ara wa. Ká ní ó lè yà ni, kò sẹ́ni tó máa padà síbẹ̀ nínú wa. Ẹ̀rù tó ní ojú ọ̀nà tiẹ̀ ló dùn. Èyí tó lè gba ibi tó bá wù ú, ìyẹn ò dùn, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún un.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì. Rántí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yìí. Bí mo ṣe ń kọ̀wé, ó ń rùn sí mi nímú. Òórùn tẹlifíṣàn tó ti gbóná, òógùn, gúgúrú, àti aṣọ dúdú tá a rà ní Tejúoṣó tí o bá mi rán. Páálí ni mo fi dí fèrèsé pa, mo wá ta aṣọ dúdú yẹn lé e, débi pé tí wọ́n bá wọlé ní ọ̀sán gangan, ojú wọn á kọ́kọ́ fọ́ ná kó tó ríran. Kúlà míńírà wà ní kọ̀rọ̀. Tẹlifíṣàn méjì, ìkan fún bọ́ọ̀lù àti ìjà, ìkan fún géèmù abanilẹ́rù kan. Ìwọ máa ń dé láti ilé ìwé, o máa jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn, o máa fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì. Òkú á máa jáde lẹ́yìn ẹ, èèyàn márùn-ún á máa lọgun, ìwọ á kàn gbé orí sókè, o máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń ro ìṣirò."

Kò sí ọba tó ní ààfin tó dùn tó ibẹ̀ yẹn. Ilé elégbòogi ni wọ́n ti sọ ọ́ dà báyìí. Mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá tí mo bá ń ti tẹlifíṣàn tòkunbọ̀ tí mò ń tà lọ fún kọ́sítọ́mà, mi ò kì í wo ibẹ̀ pẹ́.

Géèmù yẹn, àwa la sọ ọ́ ní Kọ́rídọ̀, torí orúkọ òyìnbó tó wà lára páálí ẹ̀ le jù fún ẹnu wa. Ọkùnrin kan ló ń rìn nínú ilé ìwòsàn tó ti dahoro. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọta ìbọn mẹ́ta péré ló ní, nǹkan kan sì ń rìn lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá dúró, nǹkan yẹn á dúró. Tó bá rìn, wàá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni méjì. Ó tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì á di pádì tí wọ́n fi ń gbá a mú, omi á máa jáde lára wọn.

O rántí Àǹtí Rísì, tó ń ta síìpù àti bọ́tìnì ní Tejúoṣó. Gbogbo ọ̀sán Tọ́sìdeè ló ń wá. Á sọ apẹ̀rẹ̀ síìpù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin, á ní kí wọ́n sún. Ọjọ́ kan mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ mẹ́ta, kí lẹ wá ń wá níbí?"

Ó ní, "Kàmọ́rù, gbé pádì wá, kó o fi mí sílẹ̀."

"Mo kàn ń bèèrè ni."

"Ọkọ mi ò níṣẹ́. Òrùlé wa ń jò. Ìyá ọkọ mi ti wà nílé mi láti oṣù márùn-ún, kò sì sọ ìgbà tó máa lọ. Nínú gbogbo wọn, èyí tó wà nínú tẹlifíṣàn yìí nìkan ni mo lè yìnbọn fún."

Gbogbo bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, ó ti ń yìnbọn. Tó bá gbá a tán, á mí kanlẹ̀, á gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lérí, á lọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ ní Yábàá pé kí ló dé tí ẹ̀rù ń dùn mọ́ èèyàn, sọ ti Àǹtí Rísì fún un. Ẹ̀rù tó wà níta, kò sẹ́ni tó gbé pádì ẹ̀ lé e lọ́wọ́. Èyí, òun ló dì í mú. Tó bá sú u, á gbé e sílẹ̀, ilé ìwòsàn yẹn á dúró dè é.

Torí náà, ẹni tó bá ní kó o gba pádì lọ́wọ́ òun, gbà á kíákíá. Má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n lọ ra ìlédìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò padà wá.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bẹ́ńṣì. Má ra ṣíà. O rántí pé mo ra ṣíà rọ́bà mẹ́fà nígbà kan, mo ní kí kóówá jókòó bí ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ méjì, ṣọ́ọ̀bù dá páropáro. Mo bú gbogbo ayé, mo ní wọ́n ń jowú mi. Ìwọ lo sọ ọ́. O ní, "Dádì, wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa dì mú." Mo bínú sí ẹ títí di ọjọ́ kejì, mo wá lọ gbé bẹ́ńṣì padà, mo sì sọ fún gbogbo èèyàn pé èmi ni mo ro ó. Èrò ẹ ni, kò sí nínú ọpọlọ mi. Mo dá a padà fún ẹ lónìí. Ẹnì kan ló ń gbá a, àwọn márùn-ún tó fún mọ́ ọn ló ń jẹ ẹ́ ní adùn.

Ó ku eyín mi. Mi ò mọ iye tá a kà dé mọ́, kọ nọ́ńbà sí i fúnra ẹ.

Gbogbo àdúgbò yìí mọ̀ pé ọmọ ìta mẹ́ta ló dá mi lọ́nà ní Òtò, pé mo na méjì, ìkẹta ló yọ eyín iwájú mi kó tó sá lọ. Ìwọ náà ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ nílé ìwé, mo gbọ́ nígbà tó ò ń sọ ọ́, ọ̀nà tó o gbà sọ ọ́ gan-an dára ju tèmi lọ. Àbẹ̀kẹ́, kò sí ọmọ ìta kankan. Télọ̀ kan ni, tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ẹ̀. Ó ń gbá Kọ́rídọ̀, ó ti dé ibi tí ẹsẹ̀ kejì ti ń dún. Mo ti ọwọ́ bọ inú kúlà, mo ti rẹ àkísà sínú omi yìnyín, mo rọra dé ẹ̀yìn ẹ̀, mo fi lé e lọ́rùn. Ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. Mi ò rí i. Mo kàn rí i pé mo wà nílẹ̀, mò ń wo fáànù. Télọ̀ yẹn kúnlẹ̀ tì mí, ó ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá. Mo rò pé òun ni."

Òun ni lóòótọ́. Èmi ni mo mú un jáde nínú tẹlifíṣàn. Jẹ́ kí nǹkan inú tẹlifíṣàn wà nínú tẹlifíṣàn. Èyí tí wọ́n sanwó fún nìyẹn. Wọn ò sanwó fún ti ẹ̀yìn ọrùn.

Mo tún ní irọ́ kan tó kù kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Mi ò gbá Kọ́rídọ̀ rí. Èmi Kàmọ́rù, tí mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí mo máa ń sọ pé mo ti parí ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀méje, pé òkú inú ẹ̀ ń kí mi lórúkọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo dán an wò. Ó ku èmi nìkan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rìn dé ẹnu kọ́rídọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kejì. Mo fa wáyà yọ lára ògiri, mo sá jáde, mo dúró sójú oòrùn, mo ra gúgúrú tí ebi ẹ̀ ò pa mí. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ìdí tó fi jẹ́ pé ìwọ lò ń bá àwọn kọ́sítọ́mà débẹ̀ nìyẹn, tí èmi máa ń ní mo fẹ́ wo ìta.

Ó yá. Àtìmọ́lé.

Mo rí i pé àwọn ṣọ́ọ̀bù míì ti ń ra géèmù bíi tiwa. Mo ní èmi máa ṣe nǹkan tí ẹnì kan ò ṣe rí. Mo ra àgádágodo ńlá, mo ní, "Ta ló láyà? Màá tì yín mọ́lé pẹ̀lú òkú, mi ò ní ṣí i àyàfi tẹ́ ẹ bá kúrò nínú kọ́rídọ̀." Wọ́n ya wá. Mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, mo jókòó síta lórí sítúùlù, mo ń fi ariwo àwọn tó wà nínú pe àwọn tó wà níta. Ọjà ò tà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Tọ́sìdeè kan, ní ọ̀sán, oòrùn mú ganrínganrín. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú. Ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lò ń bá wọn tan ẹ̀rọ. Àǹtí Rísì ló di pádì mú. Mo ti ilẹ̀kùn, mo bọ́ síta. Kò pẹ́ ni ariwo bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé iná ti lọ. Ojú oòrùn ni mo wà, mi ò ní gílóòbù níta tí màá fi mọ̀. Nínú lọ́hùn-ún, tẹlifíṣàn kú, fáànù kú, fèrèsé ti dí pa, ooru mú, kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ ara ẹ̀. Ìwọ mọ èyí jù mí lọ, ìwọ lo wà níbẹ̀.

Èmi ń gbọ́ ariwo, inú mi ń dùn. Àwọn tó ń kọjá dúró. Mo gun orí sítúùlù, mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn, mo ní, "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jayé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láyà, ẹ tò síbí, ẹ̀yin ló kàn." Wọ́n sì ń tò.

Lo bá kan ilẹ̀kùn. O ní, "Dádì, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Mo ṣẹ́jú sí àwọn tó tò, mo jẹ́ kí ohùn mi ki, mo ní, "Dádì ẹ ti kú. Iwin ló wà níta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. O tún kàn án. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Iwin ò ní kọ́kọ́rọ́."

Ẹ̀rín tún sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, o ò kàn án mọ́. O kàn sọ ọ́ jẹ́ẹ́ sára pákó, bí ẹni gbé ẹnu lé e. O ní, "Bàbá mi."

O ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Dádì ni mò ń jẹ́ látìgbà tó o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé ohùn yẹn yàtọ̀. Ohun tí mo wá sọ nínú ara mi ni pé, wo ọmọ mi, ó mọ ọjà polówó bíi tèmi.

Bàbá Múdà, jórinjórin tó wà lódìkejì, ló sọdá wá. Ó ti gbé gíláàsì dúdú tó fi ń jórin sórí. Ó ní, "Kàmọ́rù, iná ti lọ, ẹ̀rọ mi kú. Kí ni wọ́n wá ń wò nínú ibẹ̀ tí wọ́n fi ń pariwo?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo fa kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, okùn ò já. Mo tẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ ò wọ ihò. Bàbá Múdà fi èjìká tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi òòlù lu irin yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó já.

Wọ́n jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ nǹkan tí mo ti ń tà láti Mùṣín. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ta ẹ̀rù, kò sẹ́ni tó lọgun tí ò rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn mẹ́fà yìí ò rẹ́rìn-ín. Àǹtí Rísì jókòó sínú eruku, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ìwọ lo jáde kẹ́yìn, torí ìwọ lò ń ti àwọn tó kù síwájú. O wò mí. O ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Dádì." O lọ bu omi fún Àǹtí Rísì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí màmá ẹ tó bèèrè, mo ti ní mo lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé ni, pé mo ń tọ̀ lọ́wọ́ ni iná lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti sọ ọ́ níbi ìkómọ, mo ti sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Tí mo bá ti sọ ọ́ dé ibẹ̀, ìwọ náà á ní, "Ìtọ̀ yẹn sì pẹ́ gan-an o," gbogbo èèyàn á sì rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì nìyẹn. O mọ ibi tí mo wà. Mo dá ẹ lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. O ò sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni rí, àní níwájú màmá ẹ. O fi irọ́ mi sílẹ̀ fún mi, o tún bá mi gbé e ní ẹ̀gbẹ́ kan kó má wúwo jù.

Mo sì ń rí i pé nílé wa yìí, o kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́. O máa ń fi bàtà há a kó má bàa tì.

Torí náà, nígbà tó o gbé àgádágodo yẹn lé tábìlì, tó o ní "bíi tiyín", mi ò mọ̀ bóyá ò ń bá mi ṣeré ni, àbí ohun tó o rò pé mo kọ́ ẹ nìyẹn. Méjèèjì ló bà mí lẹ́rù. Tó bá jẹ́ pé bí mo ṣe kọ́ ẹ lo ṣe fẹ́ ṣe é, á jẹ́ pé èmi ni mo fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn Yábàá.

Yọ ọ́. Fi sí ẹnu ọ̀nà lálẹ́ tó o bá ń lọ sílé, ìyẹn ni iṣẹ́ ẹ̀. Tí èèyàn bá wà nínú, jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí, aṣọ dúdú ti tó. Ẹni tó bá wá ra ẹ̀rù gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó fi wọlé, kó sì mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Fi gílóòbù kékeré kan síta tó máa bá tinú kú, kó o lè mọ̀ tí iná bá lọ. Kó o sì gbọ́ ohùn wọn. Ariwo tó dùn ní ẹ̀rín nídìí, wàá gbọ́ ọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tó ò bá gbọ́ ẹ̀rín yẹn, dìde. Tó bá dà bíi pé wọ́n ń ṣeré, dìde náà. Wọlé, kó o bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ fẹ́ jáde?" Kò ní ba ọjà jẹ́. Tó bá sì bà á jẹ́, kó bà á jẹ́.

Mo lọ bá Àǹtí Rísì ní Tejúoṣó lánàá. Mo sọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ yẹn fún un, láìfi ìtọ̀ kankan sí i. Ó ń to síìpù, kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀, Kàmọ́rù. Etí mi ò di." Lẹ́yìn ìgbà náà ló wá bi mí pé níbo gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi wà. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa wá. Mo júwe ẹ̀ fún un.

Mo ti sọ fún màmá ẹ náà, láàárọ̀ yìí. Ó ṣì ń bá mi bínú nínú kíṣìnnì bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mò ń gbọ́ ìkòkò. Ó ní kí n kí ẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni màá kọ́kọ́ débẹ̀. Tan Kọ́rídọ̀ fún mi. Mo fẹ́ gbá a. Jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, fún mọ́ mi dáadáa. Mo máa lọgun, mo ń sọ fún ẹ báyìí kó má bàa yà ẹ́ lẹ́nu, ohùn mi á sì dé Òtò. Fi mí rẹ́rìn-ín bó o bá ṣe fẹ́, ẹ̀tọ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe orúkọ ẹ, dá mi lóhùn.

Èmi ni, bàbá ẹ,
tí kò kú, tí kì í ṣe iwin,
Kàmọ́rù.